Ọmọ mi ń múra ìdánwò ìtàn Amẹ́ríkà: báwo ni kí ó ṣe kọ́ àwọn ìlànà inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà?

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ ọdún 15, fẹ́ ṣe ìdánwò ìparí ọdún nínú ẹ̀kọ́ ìtàn Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, apá tó sì ń dẹ́rù bà á jù lọ ni èyí tó dá lórí ìwé òfin ọdún 1787. Olùkọ́ wọn fún wọn ní ìwé pélébé kan tí orúkọ ìlànà méje wà nínú rẹ̀: pé ọwọ́ ará ìlú ni agbára ti wá, pé òfin de ìjọba náà lọ́wọ́, pé aṣojú ni yóò máa ṣèjọba, pé ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ jọ pín agbára, pé ẹ̀ka ìjọba jẹ́ mẹ́ta, pé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kó èkejì níjàánu, àti pé ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí lédè Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, kò sì sí èyí tí ẹ máa bi í tí kò ní dáhùn.

Àmọ́ nínú ìbéèrè ọdún tó kọjá tí wọ́n fi ń dánra wò, wọ́n sọ pé ààrẹ kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin kan, ilé aṣòfin sì sọ ọ́ dòfin láìka tirẹ̀ sí. Ìlànà wo ló hàn níbẹ̀? Ọmọ mi kọ separation of powers (pípín iṣẹ́ ìjọba sí ẹ̀ka mẹ́ta), olùkọ́ sì fagi lé e. Bàbá rẹ̀ ní ohun tí òun náà ì bá kọ nìyẹn. Èmi fúnra mi ka Government ní Abẹ́òkúta kí n tó ṣe WAEC, mo sì rò pé mo lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún mi pé ohun tí mò ń sọ kò bá tiwọn mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ọmọ yín ti kọjá ibẹ̀, báwo ni ẹ ṣe ṣe é?

Bàbá Ayọ̀, Houston

Ìyá Ìbejì, ẹ má fòyà. Káàdì ni Ayọ̀ fi kọ́ tirẹ̀: ó kọ orúkọ ìlànà síwájú, ó kọ ìtumọ̀ sẹ́yìn, ó ń kà á nínú bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó sì yege. Ní ti ìbéèrè tí ẹ mú wá yẹn, ọmọ ìyá kan náà ni separation of powers àti checks and balances (kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa kó èkejì níjàánu). Olùkọ́ yẹn ló kàn le.

Olùkọ́ Ìtàn, Atlanta

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rìnlá sí méjìdínlógún níbí, irú ìbéèrè yẹn gan-an sì ni àwọn tó há ìtumọ̀ sórí máa ń kùnà jù lọ.

Bàbá Ayọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìlànà méjèèjì jọ ń rìn ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Abala kìíní ìwé òfin náà gbé òfin ṣíṣe fún ilé aṣòfin, abala kejì gbé ìmúṣẹ òfin fún ààrẹ, abala kẹta gbé ìdájọ́ fún ilé ẹjọ́. Pípín iṣẹ́ nìyẹn. Kíkó ara ẹni níjàánu bẹ̀rẹ̀ níbi tí òfin ti fún ẹ̀ka kan láṣẹ láti tọwọ́ bọ iṣẹ́ èkejì. Ààrẹ kì í ṣe aṣòfin, síbẹ̀ àbádòfin gbọ́dọ̀ dé iwájú rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́wàá, láìka ọjọ́ Àìkú, láti buwọ́ lù ú tàbí kí ó dá a padà pẹ̀lú ìdí tó fi kọ̀ ọ́. Bí ó bá dá a padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ dòfin lójú rẹ̀. Bí ìbéèrè bá fi ẹ̀ka méjì hàn wá tí wọ́n jọ di nǹkan kan ṣoṣo mú, checks and balances ni. Bí ó bá fi hàn pé oníkálukú wà nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, separation of powers ni. Kí ọmọ náà fi ojú yìí tún ìbéèrè yẹn kà.

Ní tèmi o, n kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé òfin 1787 rárá. Àdéhùn tó ṣáájú rẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1781, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn ọmọ. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, ìjọba àpapọ̀ kò lè bu owó orí, kò ní ààrẹ tó ń mú òfin ṣẹ, kò ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀. Ìbò kọ̀ọ̀kan ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò lè tún un ṣe àfi kí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá fohùn ṣọ̀kan. Ní 1786, àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Massachusetts, tí púpọ̀ nínú wọn ti jagun òmìnira, dìde ogun nítorí gbèsè àti owó orí. Wọ́n ń dí ilé ẹjọ́ kí wọ́n má baà gba ilẹ̀ wọn. Ìjọba àpapọ̀ kò rówó kó ọmọ ogun jọ. Àwọn oníṣòwò ìpínlẹ̀ náà ló dáwó fún àwọn tó lọ pa rògbòdìyàn tí Daniel Shays léwájú rẹ̀ rẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìpàdé Philadelphia, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé òfin náà, bẹ̀rẹ̀. Aṣojú 55 ló wá, Rhode Island kò rán ẹnikẹ́ni, àwọn 39 ló sì buwọ́ lùwé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 1787.

Ìbẹ̀rù méjì ni wọ́n gbé wọ yàrá náà: ìbẹ̀rù ọba tí apá kò ká, bí George Kẹta, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ti rí lójú wọn, àti ìbẹ̀rù ìjọba tí kò lè dá nǹkan kan ṣe, irú èyí tí Shays tú fó. Lórí ìlànà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ yín bi ara rẹ̀ pé èwo nínú ìbẹ̀rù méjèèjì ló bí i. Yóò rí i pé òye tó bá ti ibẹ̀ wá kò ní sá lọ ní gbọ̀ngàn ìdánwò.

Amòfin Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Ètò ìjọba ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà lò láti 1960 títí ológun fi gbàjọba ní 1966, ní 1979 ni a sì gba ètò ààrẹ irú ti Amẹ́ríkà, nítorí náà orúkọ nǹkan jọra, àmọ́ inú wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá mú ti WAEC lọ síbẹ̀ yóò pàdánù máàkì láìmọ ìgbà tó lọ.

Ilé aṣòfin àgbà tiwọn jẹ́ 100, méjì méjì láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiwa jẹ́ 109, mẹ́ta mẹ́ta àti ẹyọ kan fún Àbújá. Àtúnṣe ìwé òfin tiwọn ń fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn 38 nínú 50. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tiwa, 24 nínú 36. Ní ti pípín agbára láàárín àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀, ìwé òfin wa to iṣẹ́ tó jẹ́ ti àpapọ̀ nìkan jọ, ó sì tún to èyí tí wọ́n jọ ní. Tiwọn ka agbára ilé aṣòfin àpapọ̀ ní abala kìíní, ìpín kẹjọ, àtúnṣe kẹwàá sì fi èyí tó kù sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ tàbí fún ará ìlú. Ẹ wo ọlọ́pàá. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìwé òfin 1999 fún wa, lábẹ́ àpapọ̀. Níbẹ̀, ìpínlẹ̀ ní tirẹ̀, káúńtì ní tirẹ̀, ìlú ní tirẹ̀. Ìwé ìwakọ̀ tó wà nínú àpò yín, Maryland ló fún yín. Ìwé ìrìnnà ọmọ yín, ìjọba àpapọ̀ ló fún un. Kó fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ federalism, kò ní gbàgbé láé.

Èyí tó léwu jù ni impeach. Létí ọmọ Nàìjíríà, ẹni tí wọ́n bá ti impeach ti kúrò nípò nìyẹn. Níbẹ̀, ẹ̀sùn ni. Ilé aṣojú-ṣòfin ló ń fi ẹ̀sùn kan ààrẹ pẹ̀lú ìbò tó pọ̀ jù, ilé aṣòfin àgbà ló ń gbọ́ ẹjọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó bá wà níjòókòó ló sì lè yọ ọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kan Andrew Johnson ní 1868, ìbò kan péré ló gbà á là: 35 ní ó jẹ̀bi, 19 ní kò jẹ̀bi, 36 ni wọ́n sì nílò. Clinton ní 1998, Trump ní 2019 àti ní ìgbà kejì ní 2021. Kò sí èyí tí ilé aṣòfin àgbà yọ nínú wọn. Nixon kò sí nínú wọn rárá, torí ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1974 kí ilé aṣojú-ṣòfin tó dìbò.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé Philadelphia ni wọ́n ti kọ́kọ́ ronú kan nǹkan yìí. Ṣé Aláàfin Ọ̀yọ́ lè ṣe bó ti wù ú ni? Ọ̀yọ́ Mèsì méje, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, wà níbẹ̀ láti kó o níjàánu. Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́ tán, wọ́n lè gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ fún un, òun náà sì mọ ohun tó kàn. Ẹgbẹ́ Ògbóni ń ṣọ́ Ọ̀yọ́ Mèsì. Ìyá Ìbejì, ẹ sọ ìtàn yìí fún un lédè wa nílé, ìlànà tí ẹ ń wí yóò yé e kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Amòfin Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìdí. Baṣọ̀run Gáà lo àṣẹ yẹn gan-an láti máa rán Aláàfin sọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín 1754 sí 1774, títí Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ogun ló mú Gáà, kì í ṣe òfin. Àwọn ará Philadelphia ń wá ohun tí yóò dá irú Gáà bẹ́ẹ̀ dúró láìfa idà yọ. Ìdí nìyẹn tí ilé tó ń fẹ̀sùn kan ààrẹ kì í fi í ṣe ilé tó ń dájọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ Ìtàn, Atlanta

Mo fara mọ́ Ẹ̀gbọ́n pé kí ó gbọ́ ọ nílé. Kí ó má ṣáà kọ ọ́ sínú ìdáhùn rẹ̀, nítorí ẹni tó ń máàkì ní ìwé àpẹẹrẹ níwájú tó ń fi wò ó, Ọ̀yọ́ kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ta ló ní kí ó kọ ọ́? Mo ní kí ó yé e ni. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ibi tí mò ń gbé kún un, ìyẹn lè wúlò fún un. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ilé aṣòfin Westminster bá ti ṣòfin, kò sí ilé ẹjọ́ tó lè fagi lé e. Ní Amẹ́ríkà, láti ìdájọ́ Marbury v. Madison ní 1803, ilé ẹjọ́ lè sọ pé òfin tí ilé aṣòfin ṣe tako ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kí òfin náà sì di asán. Adájọ́ àgbà John Marshall ló kọ ìdájọ́ yẹn. Ẹ wá a nínú abala kẹta títí, ẹ kò ní rí gbólóhùn tó sọ ọ́ ní tààrà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio

Ẹ kú àṣálẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Yunifásítì ni mo wà báyìí, kò sì tíì pẹ́ tí mo kúrò lábẹ́ irú ìdánwò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí bí mo bá yapa díẹ̀ sí ti Olùkọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún àbúrò mi yìí. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti 1781, ìdánwò yóò bá a nídìí Shays. Ìbéèrè ni kí ó kọ́kọ́ dojú kọ: kí ó to ìṣẹ̀lẹ̀ jọ, kí ó fi ọwọ́ bo ìdáhùn, kí ó sọ ìlànà tó hàn àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ní gbólóhùn kan. Èyí tó bá ṣì í lójú ni kí ó padà lọ ka ìtàn rẹ̀.

Mo tún fẹ́ sọ pé òdiwọ̀n tí Olùkọ́ fún un dára, àmọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn wà tí yóò bá ìlànà méjèèjì mu. Ní oṣù Kẹrin 1952, tí ogun Korea ń lọ lọ́wọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, Ààrẹ Truman sì pàṣẹ pé kí ìjọba gba àwọn ilé iṣẹ́ náà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò láṣẹ bẹ́ẹ̀, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta. Pé ààrẹ ń ṣe ohun tó jẹ́ ti aṣòfin, separation of powers nìyẹn. Pé ilé ẹjọ́ dá a dúró, checks and balances nìyẹn. Bí ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kí ó wo ibi tí ìbéèrè náà tẹ̀ sí. Bí àlàyé ni, kí ó kọ méjèèjì, kí ó sì sọ apá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti hàn.

Wọ́n tún máa ń fún wa ní àyọkà àtijọ́ láti kà. Kí ó kọ́kọ́ wo ọdún tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí àárín 1787 sí 1788, ìjà lórí bóyá kí wọ́n gba ìwé òfin tuntun náà ni: apá kan ń gbè é lẹ́yìn, apá kejì ń kígbe pé ìjọba àpapọ̀ ti lágbára jù àti pé kò sí àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ ará ìlú nínú rẹ̀. Igbe yẹn ló bí àtúnṣe mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó di òfin ní oṣù Kejìlá 1791.

Olùkọ́ Ìtàn, Atlanta

Ti Truman yẹn tọ̀nà, èmi náà máa ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí ó fo 1781. Ojú ewé kan péré ni. Alẹ́ ọjọ́ kan ti tó o.

Arábìnrin Brooklyn

Ohun kan wà tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn, òun sì ni wọ́n bi ọmọ tèmi nínú àròkọ: ǹjẹ́ ìwé òfin náà pa àwọn ìlànà tirẹ̀ mọ́? Ìwé tó ní ọwọ́ ará ìlú ni agbára ti wá náà ló ka àwọn ẹrú sí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún láti fi pín àga ilé aṣojú-ṣòfin; àwọn tó ń kó wọn lẹ́rú sì ń jèrè aṣojú lórí àwọn tí kò lè dìbò. Ó ní ilé aṣòfin kò gbọdọ̀ fòfin de kíkó ẹrú wọlé ṣáájú 1808. Ó ní ẹrú tó bá sá lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n yẹra fún orúkọ ẹrú ní gbogbo ibẹ̀, “àwọn ènìyàn mìíràn” ni wọ́n kọ. Àtúnṣe kẹtàlá ní 1865 ló kọ́kọ́ dárúkọ oko ẹrú, láti fòpin sí i. Kí ó mọ 1868 fún ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, 1870 fún ìbò láìka àwọ̀ sí, àti 1920 fún ìbò obìnrin. Bí wọ́n bá béèrè bí ìwé òfin náà ṣe ń yí padà, àtúnṣe wọ̀nyí ló wúwo jù lọ lórí ìwé ìdáhùn, wọ́n sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ìyá Ìbejì, Maryland

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ti jókòó tì í. Ti ààrẹ àti àbádòfin kò ṣòro fún un mọ́, ti ìwé ìwakọ̀ sì pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ìkan tó tún dí wa lójú rèé: McCulloch v. Maryland, 1819. Ó ní checks and balances ni, torí pé ilé ẹjọ́ ló dá a. Mo fẹ́ gbà fún un, àmọ́ ó ń ṣe mí bíi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ó sì gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn adájọ́ gbogbo?

Amòfin Ìbàdàn

Kì í ṣe ẹni tó dá ẹjọ́ ni kí ó wò, bí kò ṣe àwọn tó ń bára wọn jà. Ilé aṣòfin àpapọ̀ dá báńkì kan sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Baltimore. Ní 1818, Maryland bu owó orí lé e. McCulloch tó ń mójú tó owó ẹ̀ka náà kọ̀, kò san án. Ìpínlẹ̀ ń bá àpapọ̀ jà nìyẹn, federalism ni. Ilé ẹjọ́ ní, bí ọ̀rọ̀ báńkì kò tilẹ̀ sí nínú ìwé òfin, abala kìíní fún ilé aṣòfin láyè láti ṣe òfin tó bá yẹ tó sì pọn dandan fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Àti pé, nítorí abala kẹfà tó fi òfin àpapọ̀ lékè, ìpínlẹ̀ kò lè fi owó orí pa ohun tí àpapọ̀ dá sílẹ̀.

Bàbá Ayọ̀, Houston

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, mi ò sì kúrò lórí káàdì. Kí ó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ síwájú, ìlànà àti ìdí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹjọ́ Maryland yìí ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ohio

Mà, ní ti àwọn adájọ́, Marshall nìkan ti tó, torí òun ló kọ ti 1803 àti ti 1819. Orúkọ ẹjọ́, ọdún rẹ̀, ẹni tó ń bá ẹni jà àti ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Bí ọdún bá sì ṣe é ní iyè méjì, kí ó kọ ọ̀rúndún tó bọ́ sí, kí ó má fi àyè sílẹ̀ lófìfo.